Oògùn Tí Ń Wo Gbogbo Àrùn

Ẹ̀yin òbí, ẹjọ́ ara mi ni mo wá rò fún yín. Mo ń ti ọjà Savalou bọ̀ wá sí Bantè nígbà tí ọkùnrin kan gbé ìgò kan sókè nínú ọkọ̀. Ó ní oògùn náà ń wo ibà, inú rírun, làkúrègbé àti àìrọ́mọbí. Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Èmi pàápàá ní, "Irọ́ ni!" Ṣùgbọ́n orúnkún ìyá mi kì í jẹ́ kí wọ́n sùn lóru. Kí a tó dé Bantè, mo ti ra ìgò méjì. Owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ mi ni mo fi rà á, orúnkún náà kò sì san.

Ta ni ń gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́? Kì í ṣe ẹni tí ara rẹ̀ le. Ìrora ló ń gbà á gbọ́, ọlọ́jà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2017, àwọn ọlọ́pàá kó ẹrù oògùn rẹpẹtẹ ní ọjà Adjégounlè ní Cotonou. Wọ́n lè kó oògùn, wọn kò lè kó ìrora wa.

Nítorí náà, bí ọwọ́ yín bá ń lọ sí àpò, ẹ kọ́kọ́ bi nọ́ọ̀sì léèrè. Ó tó àkókò kí n gba ìmọ̀ràn yìí fúnra mi.