Ta Ló Kọ́ Ọ?

Ẹ̀yin akẹ́gbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ kan fún yín.

Ní ọdún tí mo wọ yunifásítì, wọ́n gbé ìdíje ewì kan kalẹ̀. Wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ kópa wá gba fọ́ọ̀mù. Orúkọ, ọjọ́ orí, ẹ̀ka ẹ̀kọ́, ìyẹn ò ni mí lára. Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn ni: "Ta ló kọ́ ọ ní ewì kíkọ?" Mo gbé bírò, mo kọ ọ́ gàdàgbà: "Èmi ni mo kọ́ ara mi." Ẹ ò bá rí bí orí mi ṣe wú! Mo gbé fọ́ọ̀mù náà délé wa ní Festac, mo kà á sókè fún màmá àgbà níbi tí wọ́n jókòó sí lórí ẹní, tí wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Wọn ò bínú. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n kàn ní, "Ìwọ nìkan?" Wọ́n sì ń bá ẹ̀wà wọn lọ.

Aláró ni màmá àgbà kí wọ́n tó wá ń gbé lọ́dọ̀ wa. Òṣogbo ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí orúnkún tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n, tí màámi fi lọ mú wọn wá sí Èkó. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbé ìkòkò aró gun àjà kẹta? Òórùn aró nìkan tó dá ìjà sílẹ̀ láàárín ará ilé. Omi ńkọ́? Ẹ̀rọ omi ilé wa ti gbẹ kí n tó gbọ́njú, ọ̀dọ̀ mẹ́ruwà la ti ń rà á ní kẹ́ẹ̀gì-kẹ́ẹ̀gì. Torí náà, ìdajì iṣẹ́ ni màmá àgbà ń ṣe. Wọn á ya àwòrán sára aṣọ, wọn á wá fi rán ẹni tó bá ń lọ sí Òṣogbo kí àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ́hùn-ún bá wọn rẹ ẹ́ láró.

Wọn á ro láfún pọ̀ mọ́ álọ́ọ̀mù lórí iná títí yóò fi ki bí ẹ̀kọ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Wọn á tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì tí a fi ń jẹun, wọn á ti ìyẹ́ adìẹ bọ ẹ̀kọ, ọwọ́ wọn á sì máa lọ. Kò sí rúlà, kò sí pẹ́ńsù. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní wọ ibẹ̀. Tí wọ́n bá rẹ aṣọ tán, tí wọ́n ha ẹ̀kọ kúrò, àwòrán á yọ ní funfun láàárín aró dúdú. Èmi ni mo máa ń di etí aṣọ mú kó má baà ká. Bí wọ́n ṣe ń yà á ni wọ́n ń dárúkọ: èyí ni Olókun, èyí ni Ṣùnbẹ̀bẹ̀, èyí ni Ìbàdàndùn, wo òpó gbọ̀ngàn Mápó láàárín àwọn ṣíbí. Tí wọ́n bá dé ibi ẹyẹ, wọn á ki ẹyẹ. Tí wọ́n bá dé ibi àkekèé, wọn á pa òwe àkekèé. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà yẹn. Mo rò pé eré là ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù yẹn ti fẹ́ẹ̀ kúrò lọ́kàn mi títí di ọjọ́ tí èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì wọ dánfó láti Festac, a gba Mile 2, a gba Ọ̀rílé, a la sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ kọjá, ó di Lẹ́kkí, níbi gálárì Níkẹ̀ẹ́ Davies-Okundaye. Ọdún 2009 ni wọ́n ṣí ibẹ̀. Ilé alájà gíga ni, iṣẹ́ ọnà ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló kún ara ògiri láti ìsàlẹ̀ dókè. Ọ̀rẹ́ mi kan bi ọ̀dọ́kùnrin tó dúró tì wá pé, "Ilé-ìwé ọnà wo ni màmá yìí lọ ná?" Ó ní, "Wọn ò lọ ìkankan o. Wọ́n kọ́ ara wọn ni." Ara mi bù máṣọ. Ọ̀rọ̀ inú fọ́ọ̀mù mi nìyẹn. Mo gbójú sókè wo aṣọ tó wà níwájú mi: Ìbàdàndùn ni.

Nígbà tí mo délé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìtàn wọn kà. Ọdún 1951 ni wọ́n bí Màmá Níkẹ̀ẹ́ sí Ògìdì ní ilẹ̀ Ìjùmú, tó wà ní ìpínlẹ̀ Kogí báyìí. Ìyá wọn kú nígbà tí wọ́n ṣì kéré, ìyá-ńlá wọn ló sì tọ́ wọn dàgbà. Ìyá-ńlá yìí ń hun aṣọ, ó ń rẹ aṣọ láró, ó sì mọ àdìrẹ dunjú. Ìdí rẹ̀ ni Níkẹ̀ẹ́ kékeré jókòó sí. Ìwé wọn ò lọ jìnnà, owó ò sí. Nígbà tó yá, bàbá wọn fẹ́ fi wọ́n fún ọkọ tí ọkàn wọn ò fẹ́, ni wọ́n bá sá kúrò nílé, wọ́n tẹ̀lé àwọn òṣèré tíátà alárìnjó. Ọ̀nà yẹn ló gbé wọn dé Òṣogbo.

Òṣogbo ìgbà náà ń gbóná. Ní 1962 ni Dúró Ládiípọ̀ àti Ulli Beier dá Mbárí Mbáyọ̀ sílẹ̀, Georgina Beier sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní àwòrán yíyà níbẹ̀. Ẹ ka orúkọ àwọn tí ayé mọ̀ láti ibẹ̀: Twins Seven Seven, Jímọ̀ Bùráímọ̀, Mùráínà Oyèlámì, Rufus Ògúndélé, Adébísí Fábùnmi. Ọkùnrin ni gbogbo wọn. Níkẹ̀ẹ́ di ọ̀kan lára àwọn ìyàwó Twins Seven Seven, ìyàwó sì pọ̀ nílé náà. Wọ́n ti sọ ọ́ fúnra wọn ní gbangba pé ojú àwọn rí nǹkan níbẹ̀ kí àwọn tó kúrò. Ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ò dẹ̀. Wọ́n ń fi òwú kọ́ iṣẹ́ ọnà sára aṣọ, wọ́n ń ṣe àdìrẹ, wọ́n sì ń fi ìda yíyọ́ ṣe ohun tí ìyá-ńlá wọn ń fi láfún ṣe. Lórí aṣọ wọn, ẹ ó rí Ọ̀ṣun, ẹ ó rí ọjà, ẹ ó rí àwọn obìnrin tó ń ṣọdún. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé àwọn àwòrán inú àdìrẹ bọ́ sórí kánfáàsì, wọ́n fi gègé àti yíǹkì yà wọ́n wínníwínní.

Ní 1974 wọ́n lọ sí Amẹ́ríkà, wọ́n kọ́ àwọn ènìyàn níṣẹ́ ní Haystack Mountain School of Crafts ní ìpínlẹ̀ Maine. Ẹ rò ó wò: ẹni tí wọ́n ní kò ní olùkọ́ ni wọ́n ránṣẹ́ sí pé kó wá ṣe olùkọ́! Ní 1983 wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ tiwọn sílẹ̀ ní Òṣogbo, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ní 1995, Kim Marie Vaz tẹ odidi ìwé kan jáde lórí ìgbésí ayé wọn.

Ẹlòmíì tún wà tó mú mi ronú. Ẹ mọ Susanne Wenger, tí a ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, tó kú sí Òṣogbo ní 2009. Ará Ọ́síríà ni, ó sì ti kàwé nípa iṣẹ́ ọnà ní Vienna kó tó wá sọ́dọ̀ wa. Nígbà tó débí, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀kọ láfún ya àwòrán sáṣọ, ó sì fi ya ìtàn àwọn òrìṣà. Ohun tó kọ́ ní Vienna ní orúkọ ilé-ìwé. Ti láfún ńkọ́? Ta ló kọ́ ọ? Àwọn aláró ni, àwọn bíi màmá àgbà mi. Wọn ò ní pátákó lẹ́nu ọ̀nà, wọn ò fún ẹnikẹ́ni ní sátífíkéètì.

Ibi tí mò ń lọ nìyí. Tí a bá ní obìnrin kan kọ́ ara rẹ̀, ẹ jẹ́ ká bi ara wa: ìyá ta la gbàgbé? Màmá Níkẹ̀ẹ́ fúnra wọn kì í gbàgbé o, orúkọ ìyá-ńlá wọn kì í wọ́n lẹ́nu wọn. Àwa la máa ń gbàgbé.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣì mí gbọ́. Ohun kan wà tí wọ́n kọ́ ara wọn lóòótọ́. Ìyá-ńlá kọ́ wọn ní aró, kò kọ́ wọn ní bí a ṣe ń sá fún ọkọ tí a ò fẹ́. Kò kọ́ wọn ní bí a ṣe ń gbé aṣọ ìró kọ́ sára ògiri, ká sì kọ orúkọ wa sí igun rẹ̀. Àdìrẹ màmá àgbà mi kò ní orúkọ kankan lára. Wọ́n tà á, wọ́n ró o, ó gbó, ó tán.

Àwa ará Festac ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Nítorí àwọn àlejò ayẹyẹ ọnà FESTAC, tó wáyé láti January 15 sí February 12, 1977, ni wọ́n ṣe kọ́ àdúgbò wa sórí ilẹ̀ àwọn Àwórì ní Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin. Ojú obìnrin ni àmì ayẹyẹ náà: Ìdíà, ìyá Ọba Ẹ̀sígíè ti Bìní, tí wọ́n fi eyín erin gbẹ́, tó ṣì wà ní British Museum dòní. A mọ orúkọ ìyá ọba, a mọ orúkọ ọba. Ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ẹ, kò sẹ́ni tó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Màmá àgbà ti kú. Mi ò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn lórí ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù yẹn, ìyẹn ló ń dùn mí. Lọ́jọ́ tí a ń kó ẹrù wọn, màámi fa aṣọ kan yọ nísàlẹ̀ àpótí. Aṣọ funfun lásán la kọ́kọ́ pè é. Nígbà tí mo gbé e sí ojú fèrèsé ni mo rí i pé ẹ̀kọ ló wà lára rẹ̀, àwòrán látòkè délẹ̀. Èyí tí wọ́n yà gbẹ̀yìn ni, wọn ò rí ẹni fi rán sí Òṣogbo. Aáyán ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ̀kọ náà ní igun kan. Ibi àkekèé ni wọ́n jẹ dé.

Ó wà nínú báàgì mi báyìí, mo fi ìwé ìròyìn wé e. Tí a bá ti ṣe ìdánwò tán, Òṣogbo ni mò ń lọ, kí wọ́n bá mi rẹ ẹ́ kí aáyán tó parí rẹ̀. Ní ti fọ́ọ̀mù, wọ́n tún fún wa ní òmíràn lọ́dún yìí. Ìbéèrè kan náà ló gbẹ̀yìn. Mo kọ ọ́ sí i pé: "Màmá àgbà mi, aláró, Òṣogbo." Mo wá kọ orúkọ tèmi sísàlẹ̀.

Ẹni tó fi ìyẹ́ adìẹ kọ̀wé sáṣọ,
ẹ má pè é ní púrúǹtù.
Ẹni tó di etí aṣọ náà mú,
ẹ má gbà fún un tó bá ní
òun nìkan lòun kọ́ ara òun.