Ilé Là Á Wò: Camry Tàbí Accord?

Ohun tí ó bá ti dé ọwọ́ Yorùbá, kò lè ṣaláìgba orúkọ. A ń sọ ọmọ lórúkọ, a ń sọ aṣọ lórúkọ, a sì ń sọ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lórúkọ. Nínú gbogbo rẹ̀, èyí tí ó wù mí jù ni orúkọ tí a fún ọkọ̀ àlòkù tí ó ti òkè òkun dé: tòkunbọ̀. Orúkọ ènìyàn ni tẹ́lẹ̀. Ọmọ tí a bí sí ẹ̀yìn odi, tí ó wá bá òbí rẹ̀ padà sílé, ni à ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó kọ́kọ́ fi orúkọ náà pe mọ́tò gbọ́n. Ó mọ̀ pé ọkọ̀ náà ti gbé ayé kan níbòmíràn kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ó ti rin ọ̀nà wọn, òjò àti òtútù wọn ti pa á, ó sì ní ìtàn tí kò lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ.

Láàrin àwọn tòkunbọ̀ ojú títì wa, méjì wà tí ọ̀rọ̀ wọn kì í tán lẹ́nu ẹni tí ó bá ń wá ọkọ̀ sàlúùnù fún ẹbí: Camry tí Toyota ń ṣe, àti Accord tí Honda ń ṣe. Nígbà kan rí, Peugeot 504 tí wọ́n ń tò ní Kàdúná ni ọkọ̀ ẹbí lójú òṣìṣẹ́ ìjọba. Nígbà tí náírà bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀ láti 1986, ọkọ̀ titun bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ olówó oṣù. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, àwọn ọmọ Japan méjì yìí gba àyè náà.

Àwọn ọmọ ọjà kì í fi orúkọ tí ilé iṣẹ́ sọ wọ́n pè wọ́n. Accord ti 1998 ni Baby Boy. Èyí tí ó jáde ní ọdún 2003 ni wọ́n pè ní End of Discussion, bí ẹni pé àríyànjiyàn ti parí. Kò parí o. Nígbà tí ilé iṣẹ́ tún ojú rẹ̀ ṣe fún ọdún 2006, àwọn ọmọ ọjà kan náà ní Discussion Continues, ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀. Èyí tí ó dé ní 2008, Evil Spirit ni wọ́n pè é, àwọn onígbàgbọ́ sì ń wà á lọ sí ìsọ òru láìfòyà. Ní ti Camry, ti 2002 ni Big Daddy, ti 2007 ni Muscle.

Oríkì ni àwọn wọ̀nyí. Iṣẹ́ oríkì ni kí ó mú orí ẹni wú, kì í ṣe kí ó ròyìn àìsàn ẹni. Yorùbá ní ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n iná ojú àti ìdí ọkọ̀ nìkan ni àwọn tí ó sọ àwọn mọ́tò yìí lórúkọ wò. Ẹni tí yóò fi owó gidi ra ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ wo ilé.

Ẹ jẹ́ kí a wò ó. Accord ni ẹ̀gbọ́n. 1976 ni ó dé ayé. Camry dá dúró ní orúkọ ara rẹ̀ ní 1982. Inú ọ̀rọ̀ Japan tí ó túmọ̀ sí adé ni wọ́n ti mú orúkọ Camry jáde, nítorí náà, bí ó bá jẹ́ ọmọ wa ni, ìdílé Adé ni à bá kà á mọ́. Accord ní tirẹ̀ túmọ̀ sí ìfohùnṣọ̀kan. Ọkọ̀ tí ń jẹ́ ìfohùnṣọ̀kan ni ó wá ń dá iyàn sílẹ̀ ní gbogbo ibi tí ọkùnrin mẹ́ta bá ti pàdé!

Òbí wọn jẹ́ ará Japan, ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà ni a bí púpọ̀ nínú àwọn tí ó wà lọ́dọ̀ wa sí. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà fi ọwọ́ òsì sílẹ̀, tí a bẹ̀rẹ̀ sí í wa ọkọ̀ ní ọwọ́ ọ̀tún. Láti ìgbà náà, ọkọ̀ tí sitiárìn rẹ̀ wà lápá ọ̀tún, irú èyí tí wọ́n ń lò ní Japan àti ní ìlú Ọba, kò bá ọ̀nà wa mu mọ́. Ti Amẹ́ríkà ni ó bá a mu. Honda bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Accord ní ìpínlẹ̀ Ohio ní 1982, Toyota sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Camry ní Kentucky ní 1988. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gba orí omi wá sí Èkó àti Kùtọnu.

Ní Amẹ́ríkà náà, àwọn méjèèjì ti bá ara wọn jà dáadáa. Láti 1989 títí di 1991, Accord ni ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ó tà jù níbẹ̀. Láti 1997, Camry gba ipò náà, ó sì dì í mú fún ọ̀pọ̀ ọdún, àfi 2001 tí Accord tún fi já a gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń rìn lójú ọ̀nà tí ó tẹ́jú ni ó ń fi owó rẹ̀ dìbò lọ́hùn-ún. Ọ̀nà tiwa ní kòtò.

Nítorí náà, mo fẹ́ fi Big Daddy àti End of Discussion wé ara wọn, nítorí ẹgbẹ́ ni wọ́n. Bí a bá mú oní-sìlíńdà mẹ́rin nínú méjèèjì, ẹ́ńjìnì wọn tóbi bákan náà, lítà 2.4, ṣéènì ni ó sì ń yí inú rẹ̀, kì í ṣe bẹ́líìtì tí a ń pààrọ̀ ní àkókò rẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ràn ìwakọ̀ yóò fẹ́ràn Accord. Ó súnmọ́ ilẹ̀, ó di ọ̀nà mú, bí a bá sì ṣẹ́ ẹ sí kọ́nà kì í mì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Camry rọ̀, ó sì ga díẹ̀. Ẹni tí ó jókòó sẹ́yìn ni ó ń gbádùn rẹ̀ jù.

Ẹsẹ̀ iwájú wọn ni ìyàtọ̀ wà tí ó kan àpò. Apá méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, ni ó di táyà iwájú Accord ìgbà náà mú. Òun ni ó jẹ́ kí ó máa rìn bí ẹṣin akọ. Ṣùgbọ́n bí oríkèé bá ti pọ̀ tó ni ohun tí ó lè jẹ pọ̀ tó. Ti Camry kò ní apá òkè yẹn. Ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà, nítorí náà ohun tí kòtò lè bàjẹ́ níbẹ̀ kéré. Ní Ládípọ̀ ní Múṣin, kò sí ẹ̀yà ara èyíkéyìí nínú méjèèjì tí ènìyàn kò lè rí rà. Ohun tí ó yàtọ̀ ni iye ìgbà tí ènìyàn yóò lọ síbẹ̀.

Àlébù kò sì yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. A mọ Accord oní-sìlíńdà mẹ́fà láti ìgbà Baby Boy títí dé 2003 sí àìsàn jíà, débi pé Honda pe púpọ̀ padà fún àtúnṣe ní 2004. A mọ Muscle oní-sìlíńdà mẹ́rin, láti 2007 dé 2009, sí mímu epo ẹ́ńjìnì bí ẹni mu ẹ̀kọ. Orúkọ Muscle kò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni.

Àbúrò mi obìnrin kan, olùkọ́ni ni, bi mí léèrè nígbà tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yá a lówó tí wọn yóò máa yọ nínú owó oṣù rẹ̀ fún ọdún méjì gbáko. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà mí. Ọkọ mi ní Accord, àwọn ọmọ ní Accord, mẹkáníìkì wa ní Camry. Èwo ni kí n gbọ́?”

Mo ní, “Àwọn wo ni ìwọ yóò máa gbé, ọ̀nà ibo sì ni?”

Ó ní ìyá ọkọ òun tí orúnkún ń dùn ni, láti Ìsẹ́yìn wá sí ilé ìwòsàn ní Ìbàdàn.

Mo ní, “Ìyá ti yan Camry nìyẹn. Ó kù kí a mọ irú Camry tí í ṣe.”

Ọ̀kan wà nílẹ̀ tí ẹni tí ń tà á pè ní ti 2006. Ó ń dán, iná ojú rẹ̀ bá ti 2006 mu. A ka nọ́ńbà ṣáàsì rẹ̀ lábẹ́ gíláàsì iwájú. Lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún ni ó máa ń jẹ́, àwọn ni ìwé ìbí ọkọ̀. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 4T1, Camry ti Kentucky ni. Accord ti Ohio a máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1HG. Èyí tí ó wà ní ipò kẹwàá ni ọdún rẹ̀. A retí 6. 3 ni a bá. Ọkọ̀ 2003 ni wọ́n fi ojú 2006 bò. Àbúrò mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ọlọ́jà, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó rí òmíràn, ti 2004, tí kò dán tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tí ẹnu ọlọ́jà àti ìwé ìbí rẹ̀ dọ́gba.

Owó nìkan kọ́ ni nọ́ńbà yìí ń dáàbò bò. Àpò afẹ́fẹ́ inú sitiárìn, tí ó yẹ kí ó wú láti gba ènìyàn là nínú ìjàǹbá, di apààyàn nínú àwọn ọkọ̀ kan. Ilé iṣẹ́ Takata ní Japan ni ó ṣe é. Ooru àti ọ̀rinrin ń ba ẹ̀tù inú rẹ̀ jẹ́, nígbà tí ó bá sì bú, irin rẹ̀ a fọ́n ká sára awakọ̀. Accord wà lára àwọn tí wọ́n pè padà nítorí rẹ̀ láti 2008. Ti 2001 àti 2002 ni ó léwu jù. Ẹ ronú sí i: ooru àti ọ̀rinrin. Níbo ni ó tún pọ̀ ju etí òkun Èkó lọ? Ọkọ̀ tí ó kúrò ní Amẹ́ríkà kí wọ́n tó tún un ṣe, àpò náà ni ó bá wọ ọkọ̀ ojú omi. Ẹni tí ó bá tẹ nọ́ńbà ṣáàsì sí ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì NHTSA, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń rí sí ààbò ojú pópó, yóò rí i bóyá àtúnṣe kù. Ọ̀fẹ́ ni.

Bí ẹnikẹ́ni bá wá bi mí léèrè, mo ní ìdáhùn. Ẹni tí ó ń gbé ẹbí rìn lójú ọ̀nà wa, kí ó ra Camry oní-sìlíńdà mẹ́rin. Ẹni tí ó ń dá wakọ̀, tí ó sì fẹ́ kí inú òun dùn sí i, Accord kò ní já a kulẹ̀. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ṣùgbọ́n Camry tí a kò mọ ilé rẹ̀ kò sàn ju Accord tí a mọ tirẹ̀. Bí a bá ń fẹ́ ìyàwó, a máa ń rán alárinà lọ wádìí ìdílé. Tòkunbọ̀ náà jẹ́ àlejò tí a fẹ́ mú wọlé, tí a ó sì kó àwọn ọmọ wa sí i lọ́wọ́. Kí a bi í léèrè ilé bàbá rẹ̀ kí a tó kí i káàbọ̀.