Atẹ́gùn àti Omi Nínú Yàrá Wa

Ọ̀rọ̀ Ṣáínà kan ni a gbé wá fún yín lónìí, èyí tí àwọn Faransé ń kọ ní feng shui. Fēng ni atẹ́gùn, shuǐ ni omi. Ohùn òkè tí kì í yẹ̀ ni fēng ń gbà. Shuǐ ní tirẹ̀ a kọ́kọ́ lọ sílẹ̀ kí ó tó fẹ́ gòkè. Nínú ìwé Faransé tó wà lọ́wọ́ wa, kò sí àmì ohùn kankan lórí méjèèjì. Ẹni tó bá ti rí bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ wa sínú ìwé ẹ̀rí yóò mọ ohun tí à ń wí.

Kí ló gbé wa dé ìdí ọ̀rọ̀ atẹ́gùn àti omi? Àìrẹ́pọ̀ ni. Àwa mẹ́ta là ń gbé yàrá kan ní Calavi: ọmọ Kétu kan, ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ kan, ọmọ Àjàṣẹ́ kan. Nígbà tí ìdánwò sún mọ́lé, a kò kí ara wa láàárọ̀ mọ́. Ẹni tó ń kàwé lóru ń tan iná sójú ẹni tó ń sùn. Bídọ̀n omi dí ẹnu ọ̀nà. Ibùsùn kan ṣoṣo ló wà nídìí fèrèsé, ẹni tó ni ín nìkan ló ń gbádùn atẹ́gùn. Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ ní òun ń kó lọ. Bí ó bá kó lọ, àwa méjì tó kù kò ní lè san owó ilé, ilé òbí ló kù tí a ó padà sí, ọdún ẹ̀kọ́ sì lè bá a lọ. Ìgbà náà ni ọmọ Àjàṣẹ́ mú ìwé náà dé, àlòkù tó rà lẹ́bàá títì ní Kútọnu. Ó ní kí a fi to yàrá kí àlàáfíà lè wọlé. Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n a jọ kà á.

Qi ni ọ̀rọ̀ tó wà nídìí gbogbo rẹ̀. Èémí ni, afẹ́fẹ́ ni, agbára tó ń gbé ohun alààyè ró ni pẹ̀lú. Ìwé àtijọ́ kan tí wọ́n kà sí ti Guo Pu, ẹni tó kú ní 324, ni àwọn onímọ̀ yìí sábà máa ń tọ́ka sí. Ibojì ni ìwé náà ń sọ̀rọ̀ lé lórí, kì í ṣe yàrá. Èrò inú rẹ̀ ni pé atẹ́gùn a máa tú qi ká, omi a sì máa dá a dúró. Ìmọ̀ kan náà ni wọ́n fi ń wo ilé òkú, yīnzhái, àti ilé alààyè, yángzhái.

Lójú wọn, ilé tó dára a máa fẹ̀yìn ti òkè, omi a wà níwájú rẹ̀, a sì kọjú sí gúúsù. Bẹ́ẹ̀ ni ààfin ńlá Beijing tí wọ́n parí ní 1420 ṣe kọjú. Èyí kò ṣòro láti lóye. Ìwọ̀n 40 sí àríwá ni Beijing wà. Ní ọ̀sán gangan, ìhà gúúsù ni oòrùn máa ń wà níbẹ̀ jálẹ̀ ọdún, atẹ́gùn òtútù sì ń ti àríwá fẹ́ wá. Calavi ńkọ́? Nǹkan bí ìwọ̀n 6 péré ni. Oòrùn ń gba àárín orí wa kọjá lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Láti ìhà òkun ni atẹ́gùn tútù ti ń wá, ọyẹ́ sì ń gba àríwá ìlà-oòrùn wọlé pẹ̀lú eruku. Ọmọ Kétu bèèrè pé, "Òtútù wo gan-an la fẹ́ sá fún?" A gbà pé ìbéèrè náà tọ́. Ìdí tí wọ́n fi ṣe òfin la mú, a fi ojú ibi tí wọ́n ní ká kọ sí sílẹ̀.

Ìwé tiwa kò tilẹ̀ fi kọ́ńpáàsì ṣe nǹkan kan. Ọ̀nà tí Lin Yun tàn kálẹ̀ ní Amẹ́ríkà ló tọ̀, ilẹ̀kùn ni wọ́n sì fi ń wọn ilé níbẹ̀. Bí ẹ bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, igun tó jìnnà jù lọ lọ́wọ́ òsì ni ti owó, èyí tó jìnnà jù lọ lọ́wọ́ ọ̀tún ni ti ìfẹ́. Igun owó wa ni garawa pàǹtí wà. Àwòrán tí wọ́n fi ń pín ilé báyìí, bagua, ní àmì mẹ́jọ. Ìlà mẹ́ta ló wà nínú àmì kọ̀ọ̀kan, ìlà kọ̀ọ̀kan lè jẹ́ odindi tàbí gígé. Ojú odù Ifá ní ìpele mẹ́rin, ẹyọ kan tàbí méjì, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 16. Ìṣirò kan náà ni. A kò sọ pé ọ̀kan ló bí èkejì o.

Ibi tó dùn mọ́ wa jù rèé. Sì, pẹ̀lú ohùn tó já wálẹ̀, ni ẹẹ́rin. Sǐ ni kí á kú. Kọ́ńsónáǹtì kan náà, fáwẹ̀lì kan náà, ohùn nìkan ló yà wọ́n. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ilé alájà ní Hong Kong kò fi ní àjà kẹrin (ní èdè tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ náà, ohùn ló ya ọ̀rọ̀ méjèèjì). Bā, ẹẹ́jọ, jọ fā inú fācái, kí á di ọlọ́rọ̀; ọjọ́ 8 oṣù 8 ọdún 2008, ní aago 8 alẹ́, ni Eré Òlíńpíìkì Beijing bẹ̀rẹ̀. Yú ni ẹja, yú sì ni àṣẹ́kù. Ìparí orúkọ àdán, biānfú, bá fú tó jẹ́ oríire mu, wọ́n sì ń ya àdán sára àga àti àwo. Ta ni yóò ya àdán sára àwo nílé wa? A kì í fi aago ta wọ́n lọ́rẹ, nítorí kí á fúnni ní aago dún gẹ́lẹ́ bí kí á dúró ti ẹni tó ń kú lọ. Ìrẹ́pọ̀ fúnra rẹ̀, hé ni. Hé náà ni òdòdó orí omi tó jọ òṣíbàtà, hé náà ni àpótí kékeré onídèérí. Píng, ìgò, bá píng inú píng'ān, àlàáfíà, dọ́gba.

Lójú tiwa, púpọ̀ nínú ohun tí ìwé náà ń pè ní agbára, ìró ọ̀rọ̀ ni. Èyí kò sì jẹ́ àjèjì sí wa. Pierre Verger, ọmọ Faransé tó di babaláwo ní Kétu ní 1953, fi hàn nínú ìwé rẹ̀ Ewé, tó jáde ní Brazil ní 1995, pé ọ̀rọ̀-ìṣe inú ọfọ̀ sábà máa ń bá sílébù kan nínú orúkọ ewé mu. Ẹ wo rinrin, ewé wẹ́wẹ́ tí ń hù níbi tútù, tí àwọn baba wa ń lò nígbà tí wọ́n bá ń wá ìtura. Ẹ gbọ́ rin tó wà nínú ọ̀rinrin. Ẹ wo àjẹ́kòbàlé tí wọ́n ń gbìn sí àgbàlá: odindi gbólóhùn, pẹ̀lú olùwà àti ìyísódì, tó di ọ̀rọ̀-orúkọ, tó tún di ẹ̀ṣọ́ ilé.

Ọjọ́ Sátidé kan la to yàrá náà. Ìwé ní kí ẹsẹ̀ ẹni tó ń sùn má ṣe kọ sí ilẹ̀kùn, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbé òkú jáde. A yí ibùsùn méjì padà. A gbé dígí kúrò lọ́kànkán ibùsùn. Fèrèsé di ti gbogbo wa, tábìlì ìwé bọ́ sẹ́yìn aṣọ títa kan kí iná má bàa gún ẹlòmíràn lójú. Nígbà tí a gbé àwọn bídọ̀n síta, ìyá onílé yọjú.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ẹ ń kó lọ ni?"

"Rárá o, màmá, à ń to yàrá ni."

"Mo ti ń sọ ọ́ fún yín tipẹ́ pé a kì í dí ẹnu ọ̀nà."

Kò bá wa sọ̀rọ̀ qi, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ kò kó lọ mọ́. Bóyá qi ni, bóyá atẹ́gùn fèrèsé, bóyá wákàtí mẹ́ta tí a fi jọ gbé ibùsùn tó sì di dandan kí á bára wa sọ̀rọ̀, a kò tíì fẹnu kò lórí ìyẹn. Òun ló fọ ìgò kan tó ṣófo, tó bu omi sí i, tó sì ki rinrin bọ̀ ọ́, tó gbé e sí ojú fèrèsé. Èdè méjì ló wà nínú ìgò náà báyìí.

A fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń gbìn tàbí tí wọ́n ń gbé sẹ́nu ọ̀nà nílùú tiyín. Bí ẹ bá délé nígbà ìsinmi, ẹ bi àwọn àgbà, kí ẹ kọ orúkọ náà sílẹ̀ bí wọ́n ṣe pè é gan-an, kí ẹ sì jọ̀wọ́ fi àmì ohùn sí i.