Ọ̀mì Varna

Àwọn kan gbà pé bí eré bá ti parí sí ọ̀mì, kò sí ohun gidi tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, eré ṣẹ́ẹ̀sì tí Mikhail Botvinnik àti Bobby Fischer ta nílùú Varna, ní Bùlùgáríà, lọ́dún 1962 ni mo máa ń gbé síwájú rẹ̀.

Ẹni ọdún 51 ni Botvinnik, ọwọ́ rẹ̀ ni adé àgbáyé wà nígbà náà. Ọmọ ọdún 19 ni Fischer. Wọn kò bá ara wọn ta rí, wọn kò sì tún bá ara wọn ta mọ́ títí ayé. Láti ilé ni Botvinnik ti kẹ́kọ̀ọ́ bí eré náà yóò ṣe bẹ̀rẹ̀. Àfi ìgbà tí Fischer fi ayaba rẹ̀ jẹ ọmọ-ogun kan ní ìgbésẹ̀ 17! Bí àgbà bá jẹ ayaba náà, ẹṣin ọmọdé yóò jẹ tirẹ̀ padà. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Ọmọ-ogun kan ni Fischer fi jù ú lọ, ìyẹn sì tó pa ènìyàn láàárín àwọn ọ̀gá.

Nígbà tí wọ́n dá eré dúró di ọjọ́ kejì, Botvinnik ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù. Òun àtàwọn ará Sófíẹ́tì ẹgbẹ́ rẹ̀ kò gbà bẹ́ẹ̀: wọ́n fi òru yẹ ojú ọpọ́n wò, Geller, ọ̀kan nínú wọn, ló sì tọ́ka sí ọ̀nà tí wọ́n lè gbà bọ́. Iṣẹ́ òru yẹn ni mo bu ọlá fún jù. Nídìí ayò ọlọ́pọ́n, ọ̀ta, ẹni tó mọ̀ ọ́n ta, a máa fi ọ̀pẹ, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta, ṣe ẹlẹ́yà. Ta ni wọn ìbá fi ṣe ẹlẹ́yà ní Varna? Fischer kánjú ti ọmọ-ogun kan síwájú ní ìgbésẹ̀ 51, ìṣẹ́gun bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì ta ọ̀mì.

Ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Nínú ìwé tí Fischer gbé jáde lọ́dún 1969, ó ní òun ìbá borí. Botvinnik kọ èsì, ó ní ọ̀mì ni ì bá jẹ́ síbẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan ó gbé e fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ṣẹ́ẹ̀sì rẹ̀ láti yẹ̀ wò, Garry Kasparov, ọmọ ọdún 13, sì rí ohun tí àwọn àgbà méjèèjì kò rí.