Ọkọ̀ Bilma Kì Í Ní Aago

Ẹni tó bá dé ìlú Agadez, ní àríwá orílẹ̀-èdè Niger, tó sì béèrè ìgbà tí ọkọ̀ Bilma máa gbéra, “sai gobe” ni wọ́n á fi dá a lóhùn, ìyẹn ni pé ó dọ̀la. Bó bá padà wá lọ́jọ́ kejì, èsì kan náà ni yóò gbọ́. Wọn ò parọ́ fún un. Dẹ́rẹ́bà fúnra rẹ̀ ò mọ̀.

Láti Agadez dé Dirkou tó nǹkan bíi 650 kìlómítà. Ẹni tó ń lọ sí Bilma, níbi tí wọ́n ti ń ṣe iyọ̀, á tún fi nǹkan bíi 40 kún un. Aṣálẹ̀ Ténéré ló wà láàárín, iyanrìn lọ súà. Lọ́rì akẹ́rù ni èèyàn máa bẹ̀ kó gbé òun, orí ẹrù ni yóò sì jókòó sí. Lọ́rì náà ò ní lọ títí ẹrù fi máa kún: oúnjẹ, ṣúgà àti aṣọ fún àwọn ará aṣálẹ̀, iyọ̀ àti èso déètì ni yóò kó bọ̀. Bí ẹrù bá wá kún, ó tún ku àwọn ṣójà. Nítorí àwọn adigunjalè, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ máa ń tò tẹ̀ lé ṣójà jáde. Ẹni tó bá lọ ra búrẹ́dì tí wọ́n fi gbéra, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Kí wá ni èèyàn ń ṣe? Ilé gogoro mọ́ṣáláṣí Agadez wà níbẹ̀, amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n, ó ga tó mítà 27, igi sì yọ jáde lára rẹ̀ yíká bí ẹ̀gún. Lọ́jọ́ kìíní, àlejò á yà á ní fọ́tò. Tó bá di ọjọ́ kẹrin, kò ní wo ibẹ̀ mọ́. Tíì ló kù. Àwọn Tuareg máa ń se ewé tíì kan náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ife àkọ́kọ́ á korò, ìkẹta á dùn, ẹni tó bá sì dìde kí ìkẹta tó jinná, aláìmọ̀wàhù ni. Láàárín ife kan sí èkejì, arìnrìn-àjò á ra kẹ́ẹ̀gì omi, á fi àpò ìdọ̀họ wé e, á rin àpò náà lómi kó lè máa tutù, á sì so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ lọ́rì.

Àwọn kan ò lè dúró. Wọ́n á bá Hilux lọ lóru. Èèyàn tó tó 30 lè wà lẹ́yìn ọkọ̀ kan, àwọn tó wà létí á ki igi sáàárín ẹrù, wọ́n á dì í mú, ẹsẹ̀ wọn á máa rọ̀ síta. Ọmọ Nàìjíríà tó ń wá ọ̀nà Líbíà ti pọ̀ nínú wọn. Hilux yá ju lọ́rì lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ẹ́ńjìnnì lọ́rì bá kú, ọkọ̀ mìíràn ń bọ̀ lẹ́yìn. Bí ti Hilux tó dá rìn bá kú, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2013, òkú èèyàn 92 ni wọ́n rí lọ́nà Algeria, obìnrin àtọmọdé ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ọkọ̀ wọn bàjẹ́, òùngbẹ ló pa wọ́n. Lọ́dún 2015, Niger ṣòfin pé kí ẹnikẹ́ni má kó irú àwọn èrò bẹ́ẹ̀ mọ́. Làwọn dẹ́rẹ́bà bá ń sá fún ṣójà, wọ́n sì ń sá fún kànga tí ṣójà wà nídìí rẹ̀. Wọ́n ti fagi lé òfin náà ní oṣù kọkànlá ọdún 2023. Aṣálẹ̀ ò fagi lé tirẹ̀.

Àwọn tó dúró de lọ́rì náà ò ní tètè dé. Ó lè gbà tó ọjọ́ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí gbogbo ìgbà tí táyà bá rì ni wọ́n máa sọ̀, tí wọ́n á wa iyanrìn, tí wọ́n á ki irin pẹlẹbẹ sábẹ́ rẹ̀, tí wọ́n á sì tì í. Ojú ọ̀nà yìí ni igi Ténéré wà tẹ́lẹ̀, òun nìkan ṣoṣo láàárín iyanrìn, tí gbòǹgbò rẹ̀ wọlẹ̀ ju mítà 30 lọ kó tó kan omi. Lọ́dún 1973, nínú gbogbo ilẹ̀ gbalasa yẹn, igi yìí náà ni dẹ́rẹ́bà lọ́rì kan lọ kọ lù. Wọ́n gbé òkú igi náà lọ sí mùsíọ́mù ní Niamey, igi onírin ni wọ́n gbé dúró sípò rẹ̀. Kànga wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ọkọ̀ kan bá ti rì lẹ́yìn, ibẹ̀ làwọn tó ṣáájú lè dúró sí dè é, wọ́n á sì tún gbé tíì kaná.