Ibà Tí Mo Gbé Lọ sí Jámánì

Nígbà tí mo ń múra ìrìnàjò ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí ìlú Bonn ní orílẹ̀-èdè Jámánì, òtútù nìkan ni ó ń bà mí lẹ́rù. Mo ra kóòtù, mo ra ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn, mo sì di oògùn ikọ́ sínú àpò. Ìwé adójútòfò ìlera tí wọ́n máa ń béèrè kí wọ́n tó fúnni ní físà Schengen, èyí tí iye rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní 30,000 owó Yúrò, mo kà á sí ìwé físà lásán. Ìsàlẹ̀ àpótí ni mo fi í sí.

Síìmù Nàìjíríà mi ńkọ́? Mo fi í sílẹ̀ lọ́wọ́ àbúrò mi, nítorí mo ti gbọ́ bí owó ìpè láti òkè òkun ṣe máa ń gbẹ́ àpò ẹni. Ní pápákọ̀ òfurufú Frankfurt, mo gba iwájú ṣọ́ọ̀bù tí ń ta síìmù kọjá. Mo ní lọ́la ni n óò ra tèmi, níbi tí owó rẹ̀ yóò ti dín díẹ̀. Àṣé ọjọ́ Àìkú ni ọ̀la! Ní Jámánì, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù kì í ṣí lọ́jọ́ náà. Bí wọ́n tilẹ̀ ṣí, láti ọdún 2017 ni òfin wọn ti sọ pé ẹni tó bá ra síìmù gbọ́dọ̀ fi ìwé ìdánimọ̀ hàn kí ó tó ṣiṣẹ́.

Òru ọjọ́ tí mo gúnlẹ̀ ni ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Orí ń fọ́ mi, mo ń gbọ̀n. Mo ní òtútù ni. Mo mu oògùn ikọ́, mo sì fi kóòtù bora. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, n kò lè dìde. Fóònù wà lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n Wi-Fi ilé náà kò dé yàrá mi. Bí mo tilẹ̀ ní kí n pe 112, nọ́ńbà pàjáwìrì wọn, kò ní lọ: láti ọdún 2009, fóònù tí kò ní síìmù nínú kò lè pè é ní Jámánì, nítorí àwọn tó ń fi í ṣeré.

Ìyá àgbà tó ni ilé ni ó kan ilẹ̀kùn mi lọ́sàn-án. Ó pe 116117, nọ́ńbà tí à ń pè fún dókítà nígbà tí àwọn dókítà bá ti ti ọ́fíìsì wọn. Wọ́n darí wa sí ilé ìwòsàn kan. Dókítà bi mí pé, "Níbo lẹ ti wá?" Mo ní Ìbàdàn. Lójú ẹsẹ̀ ni ó ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò. Ibà ni. Nílé ni ẹ̀fọn ti jẹ mí kí n tó wọ bàálù.

Ojú tì mí, èmi tí mo ti kọ ìròyìn nípa ibà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ jọ̀wọ́, bí ara yín bá gbóná lọ́hùn-ún, àní bí ó tilẹ̀ ti pé ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ẹ ti kúrò nílé, ẹ má dúró kí dókítà tó béèrè. Ẹ sọ ibi tí ẹ ti wá. Ibà kì í ṣe ohun tí wọ́n ń rí lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ irú èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa lè di ọ̀rọ̀ ikú láàárín ọjọ́ kan. Ẹ sì jẹ́ kí síìmù wà nínú fóònù yín, ìbáà ṣe ti ilé.

Iléeṣẹ́ adójútòfò ni ó san owó ilé ìwòsàn náà. Ìyá àgbà yẹn ni ó bá mi wá nọ́ńbà wọn rí, nísàlẹ̀ àpótí mi.