Omi àti Yíǹkì

Oṣù kìíní ọdún 1993 ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi mú mi wọ ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan ní Agége, lẹ́yìn ojú irin, níbi tí ògiri ti máa ń gbọ̀n bí rélùwéè bá ń kọjá. Obì mẹ́rin àti ọtí ìgò kan ni wọ́n gbé kalẹ̀ fún ọ̀gá. Wọ́n ní, “Ẹ bá wa kọ́ ọ. Ọmọ yín ni. Bó bá ṣe ohun tí kò dáa, ẹ bá a wí.” Ọ̀gá ò dáhùn. Wọ́n ní kí n na ọwọ́ méjèèjì, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bí ìgbà tí èèyàn ń yẹ iṣu wò lọ́jà, wọ́n wá ní ọdún mẹ́ta.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko, mi ò fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Bébà ni mo ń kà. Rímù kan jẹ́ 500. Ọ̀gá á bu díẹ̀ kúrò nínú rẹ̀ láìsọ fún mi, wọ́n á ní kí n kà á. Ọwọ́ òsì á dì í mú ṣinṣin, àtàǹpàkò ọ̀tún á máa ṣí i ní márùn-ún márùn-ún. Bí mo bá ṣì í kà, mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí etí bébà gé mi lọ́wọ́ tó tó, tí iye tí mo pè sì bá tiwọn mu lẹ́ẹ̀mẹta léra wọn, ni wọ́n tó pè mí sídìí Kọ́ọ̀dù.

Kọ́ọ̀dù ni àwa atẹ̀wé ń pe ẹ̀rọ Heidelberg tó wá láti Jámánì. Ọ̀gá di pléètì mọ́ ọn, wọ́n ní kí n fọwọ́ pa á. Ó tẹ́jú pẹrẹsẹ. Lẹ́tà tó wà lára rẹ̀ kò ga ju ibi tó ṣófo lọ. Mo béèrè pé báwo ni yíǹkì ṣe ń mọ ibi tó yẹ kó dúró sí. Ọjọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọ̀gá rẹ́rìn-ín sí mi.

Wọ́n ní omi ló máa ń kọ́kọ́ kọjá lórí pléètì, kí yíǹkì tó tẹ̀ lé e. Ibi tó ṣófo ń gba omi, ibi tí lẹ́tà wà kì í gbà á. Yíǹkì lọ́ràá nínú, òun àti omi kì í ṣọ̀rẹ́, nítorí náà ibi tí omi bá ti jókòó, yíǹkì á yà fún un. “Yíǹkì ni gbogbo ayé ń rí,” ni ọ̀gá wí. “Àmọ́ omi ló ń sọ fún yíǹkì pé ibí yìí kì í ṣe tìẹ. Bí omi bá pọ̀ jù, iṣẹ́ á ṣá. Bí ó bá kéré jù, yíǹkì á ya bo gbogbo bébà. Ẹni tó bá mọ omi, ó ti mọṣẹ́.”

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn èyí, ọ̀rọ̀ yìí padà sí mi lọ́kàn. Rédíò ló gbé e pé Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti fi Báyọ̀ Ọnànúgà ṣe olùdámọ̀ràn pàtàkì lórí ìròyìn àti ọgbọ́n ìṣèjọba. Ọmọ iṣẹ́ tó wà lọ́dọ̀ mi béèrè pé ta ni. Mo ní, “Ará ibí ni. Àdúgbò wa níbí ló ti kọ́ṣẹ́.”

Ẹni tó bá gbọ́ àdúgbò wa, Agége àti Ìkẹjà, ilé-iṣẹ́ ńlá ló máa ń wá sí i lọ́kàn. Guinness ti ń pọn ọtí ní Ọ̀gbà láti ọdún 1962, Cadbury ń ṣe Bournvita ní Agídíńgbì, Dunlop ṣe táyà títí tó fi kógbá sílé, búrẹ́dì Agége sì wà níbẹ̀ tó ń bọ́ gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ọjà mìíràn tún ń jáde láti àdúgbò yìí. Nígbà kan rí, Punch wà ní Onípẹ̀tẹ̀sì, ìtòsí títì Agége. Newswatch wà ní Ọ̀rẹ́gùn nígbà náà. Ilé Concord, tí M.K.O. Abíọ́lá dá sílẹ̀ ní ọdún 1980, wà lójú ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú. Láti inú àwọn ilé wọ̀nyí ni àwọn tó ń gba Ààrẹ nímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ sísọ ti ń jáde bí búrẹ́dì ti ń jáde láti inú ààrò.

Ẹ mú Concord nìkan. Dúró Ọnàbùlé ń ṣe olóòtú National Concord nígbà tí Ọ̀gágun Babangida gbàjọba ní ọdún 1985. Babangida mú un lọ ṣe akọ̀wé ìròyìn, ó sì wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́jọ, títí Babangida fi kúrò lórí àlééfà. Fẹ́mi Adéṣínà náà ṣe olóòtú National Concord kó tó lọ sí The Sun. Láti ọdún 2015 sí 2023, òun ló ń gbẹnu sọ fún Ààrẹ Buhari. Délé Gíwá ló kọ́kọ́ jókòó sórí àga olóòtú Sunday Concord. Ó kúrò níbẹ̀, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Newswatch sílẹ̀, bọ́ǹbù inú ìwé sì pa á nínú ilé rẹ̀ ní Ìkẹjà ní ọjọ́ 19, oṣù kẹwàá, ọdún 1986. Délé Alákè wá jókòó sórí àga kan náà lẹ́yìn ìgbà náà. Nígbà tí Tinúbú di gómìnà Èkó ní ọdún 1999, Alákè di kọmíṣọ́nnà ìròyìn ní Aláúsá fún ọdún mẹ́jọ. Ní 2023, ó di olùdámọ̀ràn Ààrẹ, kò sì pé oṣù mẹ́ta tó fi di mínísítà. Àga kan ṣoṣo: ikú ló gbẹ̀yìn ẹni àkọ́kọ́ tó jókòó sí i, ipò mínísítà ló kan ọ̀kan nínú àwọn tó tẹ̀ lé e.

Ti Ọnànúgà ló jọ ìkọ́ṣẹ́ jù lójú mi, nítorí òun ló kọ́ apá méjèèjì iṣẹ́ náà. Ọdún 1957 ni wọ́n bí i, ó kàwé ní Yunifásítì Èkó, ó sì di olóòtú African Concord lábẹ́ Abíọ́lá. Ní ọdún 1992, ìwé ìròyìn náà kọ ohun tó bí ìjọba Babangida nínú, wọ́n sì ti ilé-iṣẹ́ náà pa. Abíọ́lá ní kó kọ̀wé tọrọ àforíjì kí wọ́n lè ṣílẹ̀kùn. Ọnànúgà ò kọ ọ́. Ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ ló kọ.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbẹ̀. Nínú ilé kan náà ní Ìkẹjà, ọ̀kan ti jáde lọ di omi fún Babangida, èkejì wá jáde torí pé kò fẹ́ kí omi Babangida kan yíǹkì òun.

Àwọn bíi Babáfẹ́mi Òjúdù, Kúnlé Ajíbádé, Dàpọ̀ Ọlọ́runyọmí àti Ṣèyẹ Kẹ́hìndé bá a jáde. Ní oṣù kejì ọdún 1993, nígbà tí mo ṣì ń ka bébà lọ́wọ́, wọ́n gbé TheNEWS jáde ní Ọ̀gbà. Kò pẹ́ tí ìjọba fi ti ilé-iṣẹ́ náà pa tí wọ́n sì fòfin de ìwé náà. Wọ́n yí orúkọ padà, wọ́n gbé TEMPO jáde, bébà lásán tí kò dán, tó rọrùn láti yára tẹ̀. Ní 1994, wọ́n fi P.M.News kún un, ìwé ìrọ̀lẹ́.

Àwa ọmọ iṣẹ́ ní Agége mọ̀ ọ́n. Bí ọ̀gá bá rán wa lọ ra àkàrà ní Pen Cinema, a máa ń rí àwọn olùtajà tó to ìwé ìròyìn síta, tí TEMPO sì wà lábẹ́ wọn. O ò ní dárúkọ rẹ̀. Wàá kàn ní, “Ti abẹ́ ńkọ́?” Olùtajà máa wo ọ̀tún, á wo òsì, kó tó fà á yọ. Mo mú ọ̀kan wálé lọ́jọ́ kan. Ọ̀gá ò ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Wọ́n gbé e sókè sí gílóòbù, wọ́n fi èékánná họ ọ́, wọ́n ní, “Òru ni wọ́n tẹ èyí. Wọn ò dúró kó gbẹ. Àmọ́ lẹ́tà ò ṣí kúrò lójú ìlà. Ọmọ iṣẹ́ gidi ni wọ́n.” Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n lọ sun ún, torí wọn ò fẹ́ kí ọlọ́pàá bá a ní ṣọ́ọ̀bù.

Iye tí àwọn ará TheNEWS yẹn san fún ìkọ́ṣẹ́ pọ̀. Ní 1995, ilé ẹjọ́ ológun Ọ̀gágun Abacha, tó ń ṣèjọba nígbà náà, dá Ajíbádé lẹ́bi ìdìtẹ̀, ó ṣẹ̀wọ̀n títí di 1998. Wọ́n mú Òjúdù ní 1997. Bagauda Kaltho, akọ̀ròyìn wọn ní Kàdúná, pòórá ní 1996, kò sì padà wálé mọ́. Òjúdù di sẹ́nátọ̀ ní 2011, lẹ́yìn náà ó di olùdámọ̀ràn pàtàkì lórí ọ̀rọ̀ ìṣèlú lábẹ́ ìjọba Buhari. Ọnànúgà di olùdarí àgbà ilé-iṣẹ́ ìròyìn ìjọba àpapọ̀, NAN, ní 2016, ó darí ìròyìn fún ìpolongo ìbò Tinúbú, ó wá gba Villa, ilé ìjọba Ààrẹ, lọ.

Kí ni wọ́n kọ́ ní àdúgbò wa tí Ààrẹ fi ń wá wọn? Ní tèmi o, mẹ́ta ni. Wọ́n kọ́ kíka iye: wọ́n mọ iye èèyàn tí ọ̀rọ̀ kan máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àti wákàtí tó yẹ kó jáde. Wọ́n kọ́ iṣẹ́ òru: ẹni tó ti tẹ ìwé lábẹ́ Abacha kò ní wárìrì torí pé ìròyìn burúkú dé ní aago méjì òru. Ẹ̀kẹta ni omi. Akọ̀ròyìn tó bá ti bá ìjọba jà mọ ibi tí ìjọba kò fẹ́ kí yíǹkì dé, nítorí ibẹ̀ gan-an ló ti ń ti yíǹkì wọ̀ tẹ́lẹ̀. Bó bá di ẹni ìjọba, ìmọ̀ yẹn kò sọnù. Òun fúnra rẹ̀ ló ń dá omi síbẹ̀ báyìí.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń bú wọn torí èyí. Wọ́n ní ajá tó ń gbó olè ló wá ń ṣọ́ ilé fún àwọn olówó. Èmi ò ní bú ẹnikẹ́ni torí pé ó lo iṣẹ́ tó kọ́. Ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn ò sanwó tó pọ̀, Concord gan-an kò sí mọ́, ìjọba sì nílò ẹni tó lè ṣàlàyé rẹ̀ fáráàlú. Ohun tí mo ń bi wọ́n ni ohun tí ọ̀gá bi mí.

Ọdún kejì mi lẹ́nu ìkọ́ṣẹ́ nìyẹn. Ẹnì kan gbé iṣẹ́ pósítà wá, 2,000. Ẹ̀rù ń bà mí kí yíǹkì má ya, mo bá ṣí omi sílẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Mi ò tẹ ẹyọ kan wò kí n tó dá ẹ̀rọ sílẹ̀ kó máa lọ. Nígbà tí ọ̀gá dé, ojú ọkùnrin tó wà lára pósítà ti ṣá bí ojú òkú, orúkọ rẹ̀ ò ṣeé kà láti òdìkejì títì. Ọ̀gá ò nà mí. Wọ́n kó gbogbo 2,000 náà fún mi, wọ́n ní kí n gé e sí pélébé pélébé fún ìwé ìsanwó. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi gé ojú ọkùnrin yẹn. Wọ́n wá bi mí pé, “Ta lo fi omi yẹn ràn lọ́wọ́?”

Agbẹnusọ tó bá da omi bo gbogbo nǹkan, tó ní ebi ò pa ẹnikẹ́ni, tó ní ohun gbogbo ń lọ dáadáa, kò ran Ààrẹ lọ́wọ́. Ojú Ààrẹ ló ń ṣá. Bákan náà ni ti àìtó omi. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, lẹ́yìn ìbò gómìnà Èkó, Ọnànúgà kọ ọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì pé kí ọdún náà jẹ́ ìgbà ìkẹyìn tí àwọn Igbo máa dá sí òṣèlú Èkó. Ariwo gba gbogbo ìlú. Mo ka ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì, àánú ọ̀gá tó kọ́ ọ ṣe mí. Ẹni tó ti ṣe olóòtú bí i tirẹ̀ ni ìbá ti fa ìlà pupa sí i bó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ló kọ ọ́. Yíǹkì ya bo bébà lọ́jọ́ yẹn, kò sì sí omi nílé.

Mo gba fìrídọ̀ọ̀mù mi ní 1996. Ọ̀gá gbàdúrà fún mi, wọ́n fún mi ní rólà àtijọ́ kan. Ṣọ́ọ̀bù tèmi wà ní Ọ̀gbà báyìí, kò jìnnà síbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ TheNEWS. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́, àmọ́ Kọ́ọ̀dù kan ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, mo sì ní ọmọ iṣẹ́ méjì tó ń ka bébà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé tó ń jáde láti Villa, ẹ kà á bí atẹ̀wé ṣe ń ka prúùfù. Ẹ má wo ibi tó dúdú nìkan. Ẹ gbé e sókè sí gílóòbù, kí ẹ wo ibi tó ṣófo dáadáa, nítorí ọmọ àdúgbò wa kan ló fọwọ́ ara rẹ̀ dá omi síbẹ̀.